Ká jó ṣásí ni àbí ká pààrọ̀ ẹ̀? Tacoma 2006 mi àti ṣọ́ọ̀bù tó bá mi ṣe é ní Baltimore

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn torí mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní ráyè kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù yẹn dáa ni. Ó dáa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́, wọn ò sì rẹ́ mi jẹ, ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ọ̀rọ̀ fóònù àti nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ fò ni mo torí ẹ̀ yọ ọ́, màá débẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ìpẹtà bá ti ń jẹ ṣásí píkọ́ọ̀pù ẹ̀, ìyẹn àwọn irin gbọọrọ abẹ́ tó gbé gbogbo mọ́tò dúró, ìràwọ̀ ò tíì lè ṣe é lóore kankan báyìí, torí kó tó mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń lọ, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá kó jó o ni o (kí wẹ́dà gé ibi tó jẹrà kó jó irin tuntun mọ́ ọn), bóyá kó pààrọ̀ ṣásí lódidi ni o, àbí kó kúkú ta mọ́tò náà fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kó lọ sinmi. Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Mọ́tò náà, píkọ́ọ̀pù Toyota Tacoma 2006 ni, ilẹ̀kùn mẹ́rin, V6 tó ní ẹ́ńjìnnì 4.0, four-wheel. Iṣẹ́ àtúnṣe ilé ni mò ń ṣe, drywall, táìlì, pẹ́ńtì, torí náà ẹrù kì í wọ́n lẹ́yìn ẹ̀, nígbà míì màá tún so tírélà kékeré mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì yẹn, ká má parọ́, ó lè sin olówó ẹ̀. Gíà ò dá mi láàmú rí, AC ń tutù bó ṣe yẹ. Téèyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń wò ó, á ní mọ́tò tó ṣì máa ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lèyí. Abẹ́ ló ti bàjẹ́, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas tàbí Florida lè máa rò ó pé kí ló kan ìpẹtà pẹ̀lú mọ́tò tó ń rìn dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Maryland, Pennsylvania, New Jersey, Ohio, títí dé Michigan àti Illinois, kí yìnyín tó bọ́ rárá nígbà òtútù ni ọkọ̀ ìjọba á ti máa da omi iyọ̀ sójú títì, tí yìnyín bá wá bọ́ tán wọ́n á tún da iyọ̀ oníhóró lé e. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ́ ká rí ọ̀nà gbà lọ síbi iṣẹ́, mi ò bá a jà, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ni táyà ń fọ́n sábẹ́ mọ́tò. Àwọn kẹ́míkà tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọn nígbà míì, calcium chloride àti magnesium chloride, ńṣe ni wọ́n ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, ìyẹn ni pé irin yẹn ò ní gbẹ bọ̀rọ̀ kódà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀. Irin tí ò gbẹ tí iyọ̀ tún wà lára ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Ti Tacoma wá tún ṣàrà ọ̀tọ̀, Toyota fúnra wọn mọ̀. Ní 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra Tacoma 1995 sí 2000 tí ṣásí ẹ̀ ti jẹrà padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ìlọ́po kan ààbọ̀ iye tó ń lọ lọ́jà ni wọ́n sì ń san, ẹ gbọ́ mi o, mọ́tò ògbólógbòó, wọ́n ń fi owó lé owó ẹ̀, nígbà tó yá wọ́n mú 2001 sí 2004 náà mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Dana ló bá wọn ṣe ṣásí yẹn, ní 2011 Dana san mílíọ̀nù 25 dọ́là fún Toyota lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ni mọ́tò tún gbé Toyota lọ sí kóòtù ní California, ní 2016 Toyota gbà láti yanjú ẹ̀: Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, Sequoia 2005 sí 2008, bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ mọ́tò, wọ́n ní gbogbo owó ẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, torí ṣásí tuntun kan pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, bíi ẹgbẹ̀rún 15 dọ́là ni wọ́n ṣírò ẹ̀ sí. Tí ìpẹtà bá ti lu irin débi pé ihò ẹ̀ tó mílímítà 10, ṣásí tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 12 látọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta mọ́tò náà ni wọ́n fi gbèdéke sí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, 2006 sí ìsinsìnyí, ilẹ̀kùn yẹn ti tì tipẹ́, àwọn 2010 gan-an ò ríbi wọlé mọ́. Ohun kan péré ló ṣì kù tó lè ṣeni láǹfààní níbẹ̀: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra Tacoma àlòkù lára àwọn ọdún yìí, ẹ gba VIN ẹ̀ (nọ́ńbà ṣásí), ẹ pe díílà Toyota kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ṣásí ẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ̀ ní 2017 tàbí 2018, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ san owó ẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé tiyín ti bàjẹ́ dé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù? Ẹ má fojú nìkan wò ó. Ṣásí tó pupa lóde, tí ìpẹtà ẹ̀ kàn rí hóró hóró, ó lè má tíì ní nǹkan kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á, ẹ máa bá irin dúdú tó le lábẹ́ ẹ̀. Èyí tó wú, tó dà bíi pé irin náà ń bó ní ìpele ìpele, òun ni kẹ́ ẹ sá fún. Hámà kékeré ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n gbé mọ́tò sórí lífìtì, kí wọ́n máa kan ṣásí láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, abẹ́ àti inú. Irin tó dáa máa dún gbinrin. Ti mọ́tò mi, bàbá tó ń kàn án ní ṣọ́ọ̀bù tí mo padà gbé e lọ, gbinrin, gbinrin, gbinrin ló ń gbọ́ láti iwájú bọ̀, ó kọjá abẹ́ kábíìnì, bó ṣe dé iwájú ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣásí, ní ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, ohùn yí padà, ó dún gbì. Ó tún un kàn, ìpẹtà tó nípọn tó káàdì ATM méjì já bọ́ sílẹ̀. Ó wá fa sukudiráfà yọ, kò lo agbára kankan, ó kàn tì í, sukudiráfà wọlé títí dé ìdí. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn wò mí lójú.

Ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni pé ṣásí Tacoma yìí, iwájú ẹ̀ dì yíká bíi páìpù onígun mẹ́rin, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi lẹ́tà C, ní àárín, wọ́n fi C kan bọ inú C míì kó lè lágbára. Àárín irin méjèèjì yẹn ni omi iyọ̀ máa ń há sí, kò rọ́nà jáde, pẹ́ńtì ò sì dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Tacoma, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, lókè ibi tí táyà àpọ̀jù ń rọ̀ sí, àti ibi tí àwọn apá iwájú ti dì mọ́ ṣásí. Ẹ fọwọ́ tọ́ àwọn páìpù bírékì tó gba ara ṣásí kọjá náà wò, ìyẹn ló máa ń kọ́kọ́ pani.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Díílà ni mo kọ́kọ́ bi, ẹgbẹ̀rún 13 dọ́là ó lé ni wọ́n pè é, ọmọbìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ gan-an rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́, torí mọ́tò náà fúnra ẹ̀, pẹ̀lú máìlì tó ti rìn, tí ṣásí ẹ̀ bá tiẹ̀ dáa, kò lè ju ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lọ. Ìyẹn ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kejì, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó ń ṣe mọ́tò lẹ́yìn ilé ẹ̀, mi ò ní sọ àdúgbò. Dọ́là 700, ó ní òun máa gbé angle iron (irin onígun bíi lẹ́tà L) lé ibi tó lu, òun á jó o mọ́ ọn, òun á fi pẹ́ńtì dúdú tó nípọn bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo bi í pé ṣé ó máa gé èyí tó ti jẹrà kúrò kó tó jó tuntun mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú, á gbé yín débi tẹ́ ẹ ń lọ." Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: ẹni tó bá ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ti ojú ló ń ṣe. Irin tó ti jẹrà ò lè di nǹkan mú, iná tí wọ́n bá fi jó o máa jẹ ẹ́ lu síwájú sí i ni, angle iron yẹn á wá di ibi tuntun tí omi iyọ̀ á máa há sí. Pẹ́ńtì dúdú tó nípọn yẹn náà, tó ń rí bíi rọ́bà, ẹni tó bá ń ra mọ́tò àlòkù tó bá rí i lábẹ́ ẹ̀ kó fura gidi. Ó máa ń bo ohun tó yẹ kójú rí mọ́lẹ̀, tó bá sì ti sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní jáde mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí n wá ṣásí àlòkù láti ìhà gúúsù, Georgia, Texas, Arizona, ibi tí iyọ̀ ò sí. Ọ̀nà yìí wù mí gan-an, mi ò ní parọ́. Mo rí ọ̀kan ní dọ́là 1,800 pẹ̀lú owó ẹrù, fọ́tò ẹ̀ mọ́ lóló. Àmọ́ owó ṣásí yẹn ò tó nǹkan lára iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kábíìnì máa gòkè, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn máa kúrò, ẹ́ńjìnnì àti gíà máa sọ̀ kalẹ̀, táńkì epo, radiator, wáyà, páìpù bírékì, páìpù epo, steering, gbogbo ẹ̀ pátá láti orí ṣásí kan sí èkejì, nínú mọ́tò tó ti lo iyọ̀ fún ogún ọdún, tí bóòtù ẹ̀ ò ní tú, tí wọ́n á máa fi iná gé, tí èyí tí wọ́n bá gé á tún mú nǹkan míì bàjẹ́. Mẹkáníìkì tó gbà láti ṣe é pè é ní dọ́là 5,500, ó ní òun ò lè búra pé kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń jẹ́. Ẹni tó bá lè ṣe é fúnra ẹ̀, tó ní ibi tó gbòòrò àti ọ̀rẹ́ méjì tí ọwọ́ wọn le, tí kò sì nílò mọ́tò náà láti fi jẹun lóṣù yẹn, kó ṣe é, kò sí èyí tó dáa jù ú lọ. Èmi ń fi tèmi jẹun.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń sọ yìí wà ní ọ̀nà Dundalk, wọn ò pọ̀, bàbá kan tó ń sọ Spanish ló ń jó irin, àbúrò ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan wà níwájú tó ń gba fóònù, tàbí ká ní tó yẹ kó máa gba fóònù. Dọ́là 3,100 ni wọ́n pe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bàbá yẹn ò gbà láti dá iye kankan lórí fóònù, ó ní kí n gbé e wá kí òun kàn án. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an nìyẹn, torí gbogbo àwọn tó dá iye fún mi lórí fóònù, kò sí ìkankan nínú wọn tó ti rí mọ́tò náà.

Ohun tó sọ lẹ́yìn tó kàn án tán ló wá pinnu ọ̀rọ̀. Ó ní iwájú le, ibi tí steering àti àwọn apá iwájú dì mọ́ le, ẹ̀yìn pátápátá níbi tí tírélà ń so mọ́ le, ibi tó jẹrà ò kọjá ẹ̀yìn kábíìnì, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ló burú jù, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní ká ní iwájú ló wà, òun ò ní gba owó mi. Èrò tèmi náà nìyẹn títí dòní: ibi tí ìpẹtà wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Ìpẹtà lójú kan, lórí irin tó lọ tààrà, tí irin tó le wà níwájú ẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n lè jó tuntun mọ́, ẹ jó o. Tó bá jẹ́ pé ibi tí táyà iwájú ti ń gba agbára ni, ibi tí steering dì mọ́, tàbí tó jẹ́ pé ẹ kàn án níhìn-ín ó dún gbì, ẹ kàn án lọ́hùn-ún ó dún gbì, tí wọ́n á fi máa wá irin tó le tí wọn ò rí, ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí jíjó. Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàárín kábíìnì àti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́, tí òkè ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò bá dọ́gba mọ́, ṣásí ti ń tẹ̀ nìyẹn, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ká gé ká jó. Ṣásí tuntun tàbí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló kù.

Wọ́n tú páìpù epo, wọ́n sọ táńkì kalẹ̀ kí wọ́n tó tan iná rárá (ẹ máa bi ẹni tó bá fẹ́ jó ṣásí yín bóyá ó máa sọ táńkì kalẹ̀, tó bá ní kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín), wọ́n yọ bátìrì, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn kúrò. Wọ́n ki jáàkì onírin sábẹ́ ṣásí níwájú àti lẹ́yìn ibi tí wọ́n fẹ́ gé kó má baà rọ̀, wọ́n fi téèpù wọn ọ́n ní ìdábùú láti igun dé igun, wọ́n kọ iye ẹ̀ sára ògiri. Wọ́n wá gé. Mo wà níbẹ̀ fún apá kan nínú ẹ̀, bàbá yẹn ń gé lọ títí tí gíráíńdà á fi tan iná funfun, tó bá ti tan iná funfun irin gidi nìyẹn, ibi tí ó bá kàn fọ́n eruku pupa jáde, á tún sún síwájú.

Irin tí wọ́n jó sí i, wọ́n ti ṣe é ní ìrísí ṣásí Tacoma fúnra ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ó nípọn, ó ní ihò níbi tó yẹ kó ní. Safe-T-Cap wà lára àwọn tó ń ta irú ẹ̀, ẹni tó bá mọ irin jó dáadáa lè rà á kó ṣe é nílé. Etí ẹ̀ méjèèjì, wọ́n gé e ní dídàgẹ̀rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé, ó ní téèyàn bá jó o ní ìlà kan gbọnrangandan láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo agbára ẹrù á máa bọ́ sórí ìlà kan ṣoṣo yẹn, ibẹ̀ ló máa sán. Ó dáhùn mi láìbínú, ó tiẹ̀ yà á sórí páálí fún mi. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún wọn ìdábùú, ó bá iye ara ògiri mu. Gbogbo bóòtù tó di bẹ́ẹ̀dì mú, tuntun ni wọ́n lò.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ wá ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá gbé e, kò tíì tán, kò sẹ́ni tó pè mí, mo gba Uber débẹ̀ lásán, ọmọkùnrin iwájú yẹn wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo ṣe nǹkan tí kò dáa. Mo pe fóònù wọn títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìkejì, dọ́là 420 gorí owó mi torí páìpù bírékì, wọn ò bi mí kí wọ́n tó ṣe é. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ṣe é, wọ́n tọ́jú páìpù àtijọ́ náà dè mí, mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ ló dá sí méjì, tuntun tí wọ́n fi sí i sì jẹ́ irú èyí tó ní bàbà nínú, tí ìpẹtà ò lè jẹ. Àmọ́ owó mi ni, ẹ pè mí. Ìkẹta ló dùn mí jù: wọ́n kun ìta irin tuntun náà dáadáa, inú ẹ̀ tí iná ti jó pẹ́ńtì àti gbogbo ohun tó ń dáàbò bò ó dànù, wọn ò fi nǹkan kan sí i. Irú ibi tó kọ́kọ́ fa wàhálà fún mi gan-an. Èmi ni mo béèrè. Bàbá yẹn ò jà, ó gbé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ẹnu kékeré lórí, ó fọ́n wáàsì (wax, ohun bí ọ̀rá tó ń lé omi) sínú ẹ̀ títí tó fi ń kán jáde láti ìsàlẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ láti béèrè ńkọ́?

Àpapọ̀ ẹ̀, dọ́là 3,520. Bí mo ṣe ṣírò ẹ̀ ni pé owó àtúnṣe ò gbọ́dọ̀ ju ìdajì iye tí mọ́tò náà máa lọ tó bá dáa tán. Ó wọlé. Tí mo bá ní kí n tà á bẹ́ẹ̀, ní Maryland ẹni tó bá ra mọ́tò àlòkù gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún inspection (àyẹ̀wò) kó tó lè gba táàgì, ìyẹn nọ́ńbà mọ́tò, ṣásí tó ti lu ò lè yege níbẹ̀, torí náà owó irin ni wọ́n máa fún mi. Kí n sì ra Tacoma míì tí abẹ́ ẹ̀ mọ́, ẹ ti mọ bí Tacoma ṣe ń lọ, kì í sọ owó nù, ẹgbẹ̀rún 18, 20, fún èyí tí kò tuntun. Mi ò retí kí ṣásí yìí bá mi dé ọjọ́ ogbó, ọdún mẹ́rin márùn-ún ni mò ń wá lọ́wọ́ ẹ̀. Òtútù kan ti kọjá lórí ẹ̀ báyìí, mo ti kó táìlì àti símẹ́ńtì gba títì I-83 lọ sí York ní Pennsylvania pẹ̀lú ẹ̀, mo wọ abẹ́ ẹ̀, ojú ibi tí wọ́n jó ò sán níbì kankan, ibì kan péré ní etí ni ìpẹtà pupa díẹ̀ ti yọjú níbi tí pẹ́ńtì ti fẹ́lẹ́, mo ha á, mo kùn ún.

Àwọn tó ń rò ó pé kí àwọn kúkú fi ránṣẹ́ sílé, mo gbọ́ yín, Dundalk yìí náà ni wọ́n ti ń kó mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Nílé, wọn ò ní da iyọ̀ sí títì fún un, ìpẹtà á rọra, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkun àti omi tó ń dúró lójú ọ̀nà lásìkò òjò ò ní jẹ́ kó dáwọ́ dúró, gọ́tà àti kòtò ọ̀nà wa sì máa dán ibi tó bá jẹrà wò ju I-95 lọ. Àwọn wẹ́dà wa mọ irin jó, owó wọn ò sì tó ti ibí, ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá lọ sí ọjà Ladipo l'Ékòó pé òun ń wá ṣásí Tacoma, Hilux ni wọ́n máa nà sí i, ti Hilux ò sì wọ Tacoma, wọn ò jọra. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ẹ jó o níbí kó tó lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ pààrọ̀ ṣásí lódidi, ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì àti ìwé ibi tẹ́ ẹ ti rà á, torí kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọlọ́pàá nílé, nọ́ńbà ṣásí ni wọ́n kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ wò, tí èyí tó wà lára irin ò bá bá ti ìwé mu, ẹ ti mọ̀ pé àlàyé ọjọ́ yẹn máa náni lówó.

Ohun tí mò ń ṣe sí tèmi báyìí ni Fluid Film, ọ̀rá irun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe é, ó ń rùn díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó mi ò fẹ́ kí n gbé mọ́tò náà sínú gáráàjì lásìkò yẹn. Ìgbà tí ewé bá ti ń rẹ̀ ni mo máa ń fọ́n ọn sí gbogbo abẹ́ ẹ̀ àti inú ṣásí, kì í le bíi pẹ́ńtì, ó máa ń wọ inú kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé. Nígbà òtútù, tí wọ́n bá ti da iyọ̀ tí ọjọ́ sì móoru díẹ̀, mo máa ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi omi fọ abẹ́ mọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ má pè wọ́n, ẹ gbé mọ́tò lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù kí bàbá yẹn tó wọ abẹ́ mọ́tò ẹlòmíì, òun gan-an ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iye owó pé wọ́n máa fọ́n wáàsì sínú ṣásí lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ pè yín kí wọ́n tó fi ohunkóhun kún un. Wọ́n ń gba káàdì, tẹ́ ẹ bá san káàṣì wọ́n máa ń yọ díẹ̀ kúrò. Sátidé, ọ̀sán ni wọ́n ti ń tì.